Kí Ẹ Tó Ra Pátì: Bí A Ṣe Ń Wádìí Àrùn Jíìpù Tó Ti Dàgbà

Jíìpù tó ti dàgbà ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí: èyí tó ti lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó ń jò nísàlẹ̀, tó ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tó ń gbọ̀n nígbà tí ẹ bá dúró de ọkọ̀ iwájú. Kí ọ̀rọ̀ má bàa fọ́n ká, jíìpù kan ṣoṣo ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn Toyota 4Runner ti ọdún 1996 sí 2002, èyí tó ń lo ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà, lítà 3.4, tí àwọn tó ṣe é sọ ní 5VZ-FE. Ẹ́ńjìnnì kan náà wà nínú àwọn Prado kan àti nínú Tacoma ìgbà náà, nítorí náà àwọn tó ni ìwọ̀nyẹn lè fetí sílẹ̀ bákan náà.

Ọ̀pọ̀ 4Runner tó wà lójú títì wa ló jẹ́ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Àwọn kan gba èbúté Èkó wọlé, àwọn kan gba Kútọnu. Wọ́n ti sáré lọ́hùn-ún fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó dé ọwọ́ wa, àwa náà sì ti lò wọ́n nínú kòtò, nínú eruku àti nínú ẹrẹ̀. Síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì yẹn lágbára. Tí ọ́ìlì bá wà nínú rẹ̀, tí omi bá wà nínú rédíétọ̀, á ṣiṣẹ́ kọjá ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dùn mí nígbà tí mo bá rí ọ̀kan tí wọ́n tì sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, tí koríko ti bò ó dé fèrèsé, tí wọ́n ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti nọ́ọ̀kì. Ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì kan ló kọ́kọ́ bàjẹ́ lára wọn. Ìméfò ló pa ìyókù.

Ẹ mọ ìméfò tí mò ń wí. Ọkọ̀ ń gbọ̀n, mẹkáníìkì ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yí sẹ́ńsọ̀ yẹn padà ká wò ó ná." Wọ́n lọ sí Ládípọ̀ ní Mushin, tàbí Gate ní Ìbàdàn, wọ́n ra sẹ́ńsọ̀. Kò yanjú. "Ó jọ pé fúẹ́lì pọ́ǹpù ni." Wọ́n tún ra ìyẹn. Owó ń lọ, àrùn ò lọ. Ohun tí àwọn àgbà ń pè ní fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá gan-an nìyẹn. N kò dá gbogbo ẹ̀bi rù mẹkáníìkì o. Àwa tí a ni ọkọ̀ kì í fẹ́ sanwó àyẹ̀wò. Pátì tí a lè fojú rí nìkan la máa ń fẹ́ sanwó fún. Bí ọmọ iṣẹ́ bá lo wákàtí méjì lábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, tó wá sọ pé rọ́bà kékeré kan ló bàjẹ́, a ó ní kí ló ṣe tó fi fẹ́ gba owó. Wákàtí méjì yẹn gan-an ni iṣẹ́. Ẹ san án fún un.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ ọkọ̀, nítorí jíjò ló pọ̀ jù nínú ẹ̀dùn àwọn tó ni jíìpù àgbà. Lálẹ́, ẹ gbé e sí ibi tó tẹ́jú, kí ẹ tẹ́ páálí tó mọ́ sábẹ́ rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ẹ fi bíírò sàmì sí ibi tí táyà iwájú wà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ fa páálí náà jáde, kí ẹ wo àwọ̀ ohun tó kán sí i, kí ẹ fọwọ́ kàn án, kí ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ má tọ́ ọ wò o, nítorí kúláǹtì májèlé ni. Ó lè pa ajá, ó lè pa ọmọdé. Tó bá jẹ́ omi tó mọ́ gaara, tí kò lóòórùn, tó wà lápá ibi tí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà ń gbé ẹsẹ̀ sí, omi ẹ́síì ni, kò sí wàhálà níbẹ̀. Tó bá dúdú tàbí tó ní àwọ̀ ilẹ̀, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni. Tó bá pupa, ẹ rọra, nítorí ohun mẹ́ta ló pupa lára jíìpù yìí: ọ́ìlì jíà ọ́tò, ọ́ìlì sítíárì, tó jẹ́ irú kan náà pẹ̀lú ti jíà, àti kúláǹtì Toyota fúnra rẹ̀. Kúláǹtì fẹ́lẹ́ bí omi, òórùn rẹ̀ dùn, tó bá sì gbẹ, á fi èépá sílẹ̀. Ọ́ìlì kì í gbẹ bẹ́ẹ̀. Á máa yọ̀ lọ́wọ́. Èyí tó nípọn tó ń rùn bí imí-ọjọ́, ọ́ìlì dífù ni. Èyí tó fẹ́lẹ́, tó ń yọ̀, tó wà nítòsí táyà, ó lè jẹ́ ọ́ìlì bíréèkì. Ẹ má gbé ọkọ̀ yẹn jáde títí wọn ó fi tún un ṣe.

Páálí ti sọ ohun tó ń jò fún yín. Kò tíì sọ ibi tó ti ń jò. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ọ́ìlì a máa ṣàn wálẹ̀ lára irin. Nígbà tí ọkọ̀ bá sì ń sáré, afẹ́fẹ́ tó ń gba abẹ́ rẹ̀ á gbá a sẹ́yìn. Ibi tó ti kán sílẹ̀ lè jìnnà gan-an sí ibi tó ti jáde. Ibi tí ọ́ìlì ti rin, tó ga jù, tó sì súnmọ́ iwájú jù, ibẹ̀ ni kí ẹ wò.

Ẹ gbọ́ bí ó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ lórí 4Runner. Ọ́ìlì ń kán láti àárín ẹ́ńjìnnì àti jíà. Ẹni tó wà lábẹ́ ọkọ̀ wò ó, ó ní síìlì ẹ̀yìn kírańkì ló ti bàjẹ́. Kí a tó dé síìlì yẹn, a gbọ́dọ̀ sọ jíà kalẹ̀, tiránsífà tó ń pín agbára fún táyà iwájú àti ẹ̀yìn á sì tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ ńlá ni, owó ńlá ni. Wọ́n ṣe é tán, wọ́n gbé jíà padà, ọ́ìlì tún ń kán. Kí ló dé? Tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà ló ń jò láti òkè, lápá ẹ̀yìn níbi tí ojú kò dé. Ẹ́ńjìnnì yìí ní tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Rọ́bà tó yí wọn ká a máa gan bí igi lẹ́yìn ooru ọdún púpọ̀, ọ́ìlì á sì máa rọra gba ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì sọ̀kalẹ̀ títí tí yóò fi kán láti ibi tí a ti ń fura sí síìlì kírańkì. Gásíkẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì ò ju iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ, kò sì sí ìdí tí a ó fi kan jíà rárá.

Nítorí náà, ẹ fọ ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó dájọ́. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù. Ẹ fi ọ̀rá bo ọ́tánétọ̀ àti àwọn ibi tí wáyà ti so pọ̀, kí ẹ fi ọṣẹ tí wọ́n ń fi fọ ẹ́ńjìnnì, tàbí kẹrosíìnì díẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, fọ ibi tó dọ̀tí. Ẹ má fi pẹtiróòlù fọ ọ́ láéláé; iná ti jó ọ̀pọ̀ ènìyàn látàrí ìyẹn. Tó bá ti gbẹ, ẹ bu pọ́ńdà funfun sí àwọn ibi tí ẹ fura sí. Ẹ wà á fún kìlómítà díẹ̀, kí ẹ dúró, kí ẹ́ńjìnnì fara balẹ̀, kí ẹ wá fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ọ́ìlì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde á ti fa ìlà sínú pọ́ńdà, ẹ ó sì rí orísun rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí nǹkan lọ́jọ́ kìíní, ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ kejì.

Ohun kan tún wà tó ń fa jíjò, tí n kì í gbọ́ kí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì mẹ́nu bà. Nínú ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ díẹ̀ a máa sá gba ẹ̀gbẹ́ rín-ìn-gì písítìn sọ̀kalẹ̀ sínú ibi tí ọ́ìlì wà. Ó gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní PCV ló ń jẹ́ kí ó padà sí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa èémí. Tí PCV bá ti dí, afẹ́fẹ́ yẹn á há mọ́ inú, á sì máa ti ọ́ìlì jáde láti ojú síìlì tí agbára rẹ̀ bá kéré jù. Ẹ lè pààrọ̀ síìlì lónìí, kó tún máa jò lẹ́yìn oṣù díẹ̀, kí ẹ máa pe olùtajà ní oníjìbìtì, nígbà tó jẹ́ pé PCV ló ń ti ọ́ìlì. Ẹ yọ ọ́, ẹ mì ín létí: ó yẹ kí ẹ gbọ́ nǹkan tó ń mì gbọ̀ngbọ̀n nínú rẹ̀. Tí kò bá dún, ẹ ra òmíràn. Kì í wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ yẹ géèjì ọ́ìlì wò, nítorí ọ́ìlì tó kọjá ìlà òkè náà a máa fa jíjò. Ẹ́ńjìnnì yìí ń gba lítà márùn-ún àti díẹ̀ tí ẹ bá pààrọ̀ fítà pẹ̀lú rẹ̀. Kí dírẹ́bà má kàn máa da gálọ́ọ̀nù sí i láìwo géèjì.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lórí gọ́ọ̀mù. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fún sí ojú irin wúlò níbi tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ bá ní kí a lò ó. Ṣùgbọ́n tí a bá fi dípò gásíkẹ́ẹ̀tì, tí a sì fún un bí ẹní ń fi áísìn ṣe kéèkì lọ́ṣọ̀ọ́, èyí tó kù sínú á já, á bọ́ sínú ọ́ìlì, á lọ dí asẹ́ tí pọ́ǹpù ọ́ìlì fi ń fa ọ́ìlì. Iná ọ́ìlì á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ́ńjìnnì á sì nọ́ọ̀kì lóòótọ́. Gásíkẹ́ẹ̀tì kò wọ́n tó ẹ́ńjìnnì.

Tí ọ́ìlì bá ń jáde láti iwájú, lẹ́yìn ìdérí táímìn bẹ́líìtì, ẹ má fi falẹ̀. Síìlì kírańkì iwájú àti àwọn síìlì káàmù wà níbẹ̀, ọ́ìlì sì ń jẹ rọ́bà bẹ́líìtì náà. Toyota ní kí a pààrọ̀ bẹ́líìtì yìí ní nǹkan bíi 145,000 kìlómítà. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ tòkunbọ̀ tí ẹ kò sì mọ ìtàn rẹ̀, ẹ gbà pé ó ti tó pààrọ̀. Bẹ́líìtì kan náà ló ń yí pọ́ǹpù omi, nítorí náà nígbà tí wọ́n bá ti ṣí ibẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ pọ́ǹpù, síìlì àti rola lẹ́ẹ̀kan náà. Owó iṣẹ́ kan náà ni. Ẹ kọ ọjọ́ àti iye kìlómítà sí ìwé kékeré kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ó kan ìgbóná. Tí ọwọ́ géèjì ooru bá ti kọjá ibi tó máa ń wà, ẹ pa ẹ́síì, ẹ kúrò lójú ọ̀nà, ẹ pa ọkọ̀. Ẹ má ní ẹ fẹ́ dé ilé epo iwájú. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ jókòó jìnnà. Ìdérí rédíétọ̀ ń ti omi mọ́ inú pẹ̀lú agbára, ìyẹn ni omi inú rẹ̀ fi lè gbóná kọjá 100 lórí òṣùwọ̀n Selsiọ̀sì tí omi lásán fi ń hó, kó tó nǹkan bíi 120, láìhó. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí i nígbà tó ṣì gbóná, gbogbo rẹ̀ á hó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sójú yín. Ẹ dúró títí ẹ ó fi lè gbé ọwọ́ lé họ́ọ̀sì òkè láìjó yín. Ẹ má sì da omi tútù sórí ẹ́ńjìnnì tó gbóná; irin á súnkì, tọ́ọ̀pù sílíńdà á wọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín ní ìgbà tó ń gbóná. Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju pátì kankan lọ. Tó bá jẹ́ pé nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nìkan ló ń gbóná, tó sì ń tutù bí ẹ bá ti ń sáré, ẹ fura sí fáànù. Fáànù 4Runner yìí ní kọ́lọ́ọ̀ṣì kan tó máa ń dì í mú nígbà tí ooru bá pọ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì tó gbóná, kí ẹ fi ọwọ́ yí fáànù: ó yẹ kó le díẹ̀. Tó bá ń yí fìrìfìrì láìdúró, kọ́lọ́ọ̀ṣì ti kú. Tó bá jẹ́ pé lórí eré tàbí nígbà tó bá ń gun òkè ló ń gbóná, omi kò ṣàn tó: rédíétọ̀ ti dí nínú, tàbí koríko àti ẹrẹ̀ ti dí i níta. Jíìpù tó ń wọ oko, ẹ wo àárín kọndẹ́ńsà ẹ́síì àti rédíétọ̀. Ẹ ó rí ohun tó ti kó síbẹ̀.

Ohun tí wọ́n máa ń ṣe láti "tún" ìgbóná ṣe lọ́dọ̀ wa ni pé kí wọ́n yọ tẹmosítáàtì sọnù. N kò fara mọ́ ọn, n kò sì ní fara mọ́ ọn. Tẹmosítáàtì ẹ́ńjìnnì yìí ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní nǹkan bíi 82 lórí òṣùwọ̀n Selsiọ̀sì. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì á pẹ́ kó tó gbóná dáadáa, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á rò pé òtútù ń mú un, á máa fún un ní epo púpọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Epo ń tán, ẹ́ńjìnnì ń jẹ, ohun tó ń fa ìgbóná gan-an sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ẹ lè dán tẹmosítáàtì wò ní ilé ìdáná: ẹ fi okùn so ó kọ́ sínú omi, ẹ gbé e kaná, ẹ máa wò ó. Ó gbọ́dọ̀ ṣí kí omi tó hó. Tí kò bá ṣí, ẹ ra tuntun. Omi kànga àti omi ẹ̀rọ náà, ìrìn àjò pàjáwìrì nìkan ni kí ẹ lò wọ́n fún. Ìpẹtà ni wọ́n ń bí sínú rédíétọ̀. Ẹ lo kúláǹtì àti omi tó mọ́, ìdajì sí ìdajì. Mo mọ̀ pé àwọn awakọ̀ kan a máa da ata lílọ̀ sínú rédíétọ̀ tó ń jò kí wọ́n lè délé. Ẹni tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ohun tó dí ihò tó ń jò lè dí ihò tí omi ń gbà ṣàn náà.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù lára jíìpù yìí wà nínú rédíétọ̀ fúnra rẹ̀. Nínú táǹkì ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ ni ọ̀pá kan wà tí ọ́ìlì jíà ọ́tò ń gbà kọjá kó lè tutù. Ọ́ìlì wà nínú ọ̀pá, omi wà níta rẹ̀. Tí ọ̀pá náà bá ti jẹrà, omi á wọ inú jíà, ọ́ìlì á wọ inú rédíétọ̀. Ẹ ó ṣí ìdérí rédíétọ̀, ẹ ó rí nǹkan tó dì, tó ní àwọ̀ osùn tí wọ́n pò mọ́ wàrà. Àwọn kan rí i, wọ́n pariwo pé tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ, wọ́n sì tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ò ṣe nǹkan kan. Lákòókò kan náà, omi ń jẹ àwọn awẹ́ inú jíà run, ọkọ̀ á sì kọ̀ láti wọ jíà nígbà tí wọ́n bá to ẹ́ńjìnnì padà tán. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni kí ẹ fa géèjì jíà jáde. Tí ọ́ìlì orí rẹ̀ náà bá ti di pupa-funfun, tó dì, rédíétọ̀ ni. Tó bá jẹ́ géèjì ẹ́ńjìnnì ló ní àwọ̀ tíì tó ní mílíìkì, ìyẹn yàtọ̀: tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì la ó fura sí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá rí àwọ̀ osùn yẹn, kí ọkọ̀ má ṣe yí táyà mọ́: ẹ pààrọ̀ rédíétọ̀, kí wọ́n fọ jíà pẹ̀lú ọ́ìlì tuntun títí tó fi mọ́. Ẹni tí rédíétọ̀ rẹ̀ bá ṣì jẹ́ èyí tó bá ọkọ̀ wá láti Amẹ́ríkà, ìmọ̀ràn mi ni pé kó pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó bàjẹ́, tàbí kí ó so kúlà jíà mìíràn síta kí ọ́ìlì má gba inú rédíétọ̀ mọ́. Nínú gbogbo owó tí mo ti ní kí ènìyàn ná lórí 4Runner, èyí ló ń gba ọkọ̀ là jù.

Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ kì í tètè bàjẹ́ lórí ẹ́ńjìnnì lítà 3.4 yìí àfi tí ọkọ̀ bá ti gbóná gan-an. Ti lítà 3.0 tó ṣáájú rẹ̀ ló lókìkí fún ìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú tọ́ọ̀pù sílíńdà yín láìsí ẹ̀rí. Ẹ̀rí kìíní: nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ ṣí rédíétọ̀, ẹ kún un, ẹ ṣáná. Afẹ́fẹ́ tó há mọ́ inú lè yọ díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ìfófòó bá ń ru sókè láìdáwọ́ dúró, tó ń pọ̀ sí i bí ẹ ṣe ń tẹ epo, ẹ fura. Ẹ̀rí kejì lágbára jù: omi aláwọ̀ búlúù kan wà tí wọ́n ń gbé lé ẹnu rédíétọ̀ nínú ọ̀pá gíláàsì, tí èéfín ẹ́ńjìnnì bá kan án, á di yẹ́lò. Ẹ tún yọ pulọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ tò wọ́n sórí tábìlì. Èyí tó mọ́ tónítóní láàárín àwọn márùn-ún tó dọ̀tí, omi ló ń fọ̀ ọ́. Tí ẹ̀rí bá ti dájú, kí wọ́n gbé tọ́ọ̀pù lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fá irin, kí wọ́n wò ó bóyá ó ti wọ́, kí wọ́n sì fi spánà tó ń wọn agbára di bóòtù rẹ̀ padà bí ìwé ọkọ̀ ṣe wí.

Ẹ jẹ́ kí n sáré mẹ́nu ba èéfín sàlẹ́ńsà. Búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Tó bá jẹ́ láàárọ̀ nìkan tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáná, síìlì fáfù ni. Tó bá jẹ́ nígbà tí ẹ bá ń tẹ epo, ẹ fura sí rín-ìn-gì. Funfun tó nípọn, tí kò lọ, tó ń rùn dídùn, kúláǹtì ni. Dúdú, epo ti pọ̀ jù.

Ọkọ̀ tó ń gbọ̀n wá ńkọ́, tí iná ẹ́ńjìnnì ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù? Láti ọkọ̀ ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ní ojú ihò kan náà tí a ó fi ẹ̀rọ síkáànù bọ̀, lábẹ́ sítíárì. Tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà tiyín ní i. Nọ́ńbà tó bá jáde kì í dárúkọ pátì. Ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò ló ń fi hàn. P0301 dé P0306 ń sọ sílíńdà tí kò jó dáadáa, láti kìíní dé ìkẹfà. P0300 ń sọ pé ó ń ká kiri.

Ohun kan wà tó yẹ kí gbogbo rewáyà tó ń fọwọ́ kan 5VZ-FE mọ̀. Pulọ́ọ̀gì mẹ́fà ló ní, ṣùgbọ́n kọ́ìlì mẹ́ta. Kọ́ìlì kan ń fún pulọ́ọ̀gì méjì ní iná: sílíńdà kìíní pẹ̀lú ìkẹrin, ìkejì pẹ̀lú ìkarùn-ún, ìkẹta pẹ̀lú ìkẹfà. Nítorí náà, tí síkáànù bá mú P0302 àti P0305 wá pọ̀, kọ́ìlì tí àwọn méjèèjì jọ ń lò ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Tó bá jẹ́ P0302 nìkan, kọ́ìlì kì í sábà jẹ̀bi. Pulọ́ọ̀gì, wáyà tàbí ńjẹ́tọ̀ ni. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ yọ pulọ́ọ̀gì sílíńdà yẹn, ẹ gbé e sí ibòmíràn, ẹ gbé ti ibòmíràn wá síbẹ̀, ẹ pa nọ́ńbà rẹ́, ẹ wà á. Tí àrùn bá tẹ̀ lé pulọ́ọ̀gì, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Tí kò bá tẹ̀ lé e, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun tó kàn. Kò ná yín ju àkókò lọ. Nígbà tí ẹ bá ń yọ pulọ́ọ̀gì, ẹ wo inú ihò rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá ti kún ibẹ̀, rọ́bà ihò pulọ́ọ̀gì lábẹ́ tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà ti bàjẹ́, ọ́ìlì ń ba ẹnu wáyà jẹ́, iná sì ń sá lọ. Ẹ ò rí i bí jíjò òkè ṣe di gbígbọ̀n.

Bí nọ́ńbà bá jẹ́ P0171, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé pọ̀ ju èyí tó bá epo mu lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á sáré ra sẹ́ńsọ̀ sàlẹ́ńsà. Ẹ kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kí ẹ tẹ́tí. Họ́ọ̀sì ńlá tó lọ láti ilé fítà afẹ́fẹ́ sí ẹ́ńjìnnì a máa sán níbi tó ti ká, lábẹ́, níbi tí ojú ò ti tètè rí i. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìka. Tí ìró ẹ́ńjìnnì bá yí padà, ẹ ti rí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jí wọlé.

Èyí tó kù jẹ́ ti jíìpù gan-an, nítorí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọ̀pọ̀ nínú wọn ló lè gba agbára. Dífù ẹ̀yìn àti ti iwájú ní ihò èémí kékeré tí afẹ́fẹ́ inú wọn ń gbà jáde nígbà tí ọ́ìlì bá gbóná. Ẹrẹ̀ a máa dí i. Tó bá ti dí, afẹ́fẹ́ á ti ọ́ìlì gba síìlì tó wà lẹ́bàá táyà ẹ̀yìn jáde, yóò sì wọ inú dúrọ́ọ̀mù bíréèkì. Ẹ ó rí i pé inú táyà kan ń dán, tàbí pé ọkọ̀ ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹ bá tẹ bíréèkì. Kí wọ́n tú ihò èémí náà, kí wọ́n fọ̀ ọ́ títí afẹ́fẹ́ á fi gba inú rẹ̀, kí wọ́n tó fi síìlì tuntun sí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, síìlì tuntun náà á jò. Tí ọkọ̀ bá ti la omi odò kọjá, ẹ tú bóòtù dífù díẹ̀ kí ẹ wo ọ́ìlì rẹ̀: tó bá ti funfun bí wàrà, omi ti wọlé, ẹ dà á nù lọ́jọ́ náà. Ṣúù bíréèkì tí ọ́ìlì dífù ti kàn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná jó o tàbí kó fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́ kó ní ó ti dára. Ọ́ìlì ti wọ inú rẹ̀. Ẹ ra ṣúù tuntun, kí ẹ pààrọ̀ ti ọ̀tún àti ti òsì pọ̀, kí ẹ sì dán bíréèkì wò lórí ilẹ̀ títẹ́jú, níbi tí kò sí ènìyàn, kí ẹ tó gbé ọmọ sínú ọkọ̀ yẹn.